Ìwo Orí Ọrun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà lóde òní tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ gbẹ́ ọrun onígi gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Àríyànjiyàn kan kì í tán láàrin wọn: ǹjẹ́ ó burú bí a bá fi ike ṣe ṣóńṣó orí ọrun, níbi tí a ń fi ọsán kọ́? Ó burú, bí ike tilẹ̀ rọrùn láti rí.

Igi yew, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ọrun gígùn wọn, a máa tẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò le púpọ̀. Bí tafàtafà bá ti ń fa ọsán, ojú kan ṣoṣo ni ọsán ń rìn mọ́ lórí igi. Díẹ̀díẹ̀ a sì jẹ ẹ́ wọlé bí okùn ti í jẹ etí kànga. Nítorí èyí ni àwọn oníṣọ̀nà fi ń fi ìwo dé orí ọrun. Ṣóńṣó ìwo màlúù kò ní ihò nínú, ó le, ó sì ń dán. Wọn a gé e, wọn a lu ihò sí i, wọn a sì fá orí igi náà títí yóò fi wọ inú rẹ̀ pinpin.

Ní 1545 ni Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ, rì. Ní 1982 ni a gbé e jáde láti inú òkun. Ọrun tí a bá nínú rẹ̀ lé ní 130. Ìwo orí wọn ti jẹrà, ṣùgbọ́n àwọ̀ igi níbi tí ìwo ti bò ó rí yàtọ̀ sí ti ìyókù.

Alátakò yóò wí pé ike ìbá má jẹrà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ń ta ọfà ní ìsàlẹ̀ òkun? Màlúù tí a ti pa jẹ ni ó ni ìwo, a kò pa á nítorí ọrun. Eyín erin kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe orí ọrun mọ́. Lóòótọ́, òórùn ìwo tí a ń rá kò dára, kí oníṣẹ́ sì fi aṣọ bo imú nítorí ẹ̀tù rẹ̀.

Ti ọsán nìkan ni ó yàtọ̀. Bí ó bá já lójijì, ọrun fúnra rẹ̀ lè ṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi òwú ìgbàlódé hun ọsán tirẹ̀, kò yẹ kí a bá a jà.