Aṣọ Ẹbí Kì í Ṣe Tíkẹ́ẹ̀tì Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn òbí kan nínú, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, àwọn ọmọ wa ni yóò máa jìyà rẹ̀.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé èrò pọ̀ níbi ìyàwó rẹ̀. Ìsìláàmù kò fẹ́ yìgì ìkọ̀kọ̀. Ẹbí bàbá, ẹbí ìyá, aládùúgbò, ẹgbẹ́ Àṣàlátù, ọmọ ilé-kéwú, kí gbogbo wọn wá. Ohun tí à ń wí ni pé kì í ṣe ẹnu àwọn èrò yìí ni owó ń gbà lọ. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ kílò 50. Bí a bá wọn gíráàmù 125 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí a tó sè é, 400 ènìyàn ni yóò jẹ ẹ́. Kí ló wá dé tí bàbá ìyàwó fi lọ yá owó èlé? Ẹ wo gbọ̀ngán, eléré, aṣọ tí ìyàwó ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, fídíò, ike àti aṣọ ìnura tí a tẹ orúkọ sí lára. Èwo nínú wọn ni yìgì kò lè so láìsí i?

Èyí tó burú jù ni aṣọ ẹbí. Ẹni tí kò bá rà á, ẹ̀yìn ni wọn ó fi í sí, abọ́ yóò sì máa fò ó kọjá. A rí ìyá àgbà kan tó fi ẹ̀yìn pọn ìyàwó ní kékeré, tó jókòó títí tó fi lọ, omi nìkan ló mu. Bẹ́ẹ̀ ni Abu Huraira gbà á wá pé oúnjẹ tó burú jù ni ti wòlímà tí a pe olówó sí, tí a fi tálákà sílẹ̀. (Àsè ìgbéyàwó ni wòlímà lédè Lárúbáwá, àwa la sọ ọ́ di ti ọmọ tó parí Kùránì.)

Nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ Safiyyah lẹ́yìn ogun Khaybar ní 628, dàbínù, wàrà gbígbẹ àti òróró wàrà ni wọ́n kó sórí awọ fún èrò. Ti Zaynab ló tóbi jù nínú wòlímà rẹ̀, àgùntàn kan ni.

Ọmọkùnrin kan tó kéwú lọ́dọ̀ wa sún ọjọ́ yìgì rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí àwọn àna ní àfi gbọ̀ngán, àfi eléré. A bẹ̀ wọ́n kí a so ó ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í ṣe ọmọ òtòṣì. Ọmọ ti délẹ̀ kí wọ́n tó wá bá wa lóru, pé kí a so ó ní pálọ̀. Lọ́jọ́ náà, wọn kò bèèrè eléré.

Àwa àáfàá náà jẹ̀bi. Ibi tí àpòòwé ti wúwo ni ìwàásù wa ti ń gùn.

Ẹ jẹ́ kí a ka owó tó wà lọ́wọ́ kí a tó dá ọjọ́. Kí a so yìgì lẹ́yìn Àṣàlátù ọjọ́ Àìkú, èrò ti wà níbẹ̀ ná. Kí ẹgbẹ́ yá wọn ní ìjókòó, kí àwọn ìyá dáná, kí oníkálukú wọ aṣọ tó ní. Bàbá tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó wá rí wa. Kò ní san kọ́bọ̀ fún ìwàásù.