Iná Oòrùn Nínú Ilé: Níbo Ni Èrè Rẹ̀ Wà?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦600 kí oṣù méjì tó pé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ amúnáwá ti di ẹrù wúwo fún àwọn ará wa ní Ọ̀wọ̀, Ìpele, Ìfọ́n àti Ìdóàní, tí ọ̀pọ̀ sì ń béèrè bóyá sólà lérè.

Èrò wa ni pé inú epo tí a kò rà mọ́ ni èrè rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ilé kan bá ń sun lítà méjì lójúmọ́, tí lítà kan sì jẹ́ ₦1,000, ₦730,000 ni yóò jóná lọ́dún. Bí pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì, inverter àti owó iṣẹ́ bá jẹ́ ₦1,460,000, ọdún méjì ni yóò fi san ara rẹ̀ padà. Pánẹ́ẹ̀lì tí ó dára a máa lò ju ogún ọdún lọ. Bátìrì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí a fi owó òmíràn sínú ìṣirò. Ẹni tí kì í sábà tan ẹ̀rọ amúnáwá kò ní tètè rí èrè yìí.

Ìrànwọ́ ìjọba ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún ètò DARES, tí àjọ REA ti ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó. A kì í fi owó náà lé onílé lọ́wọ́. Ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta sólà ni ó ń gbà kọjá. Kí olùrà béèrè bóyá ọjà tí wọ́n ń tà fún un wà lábẹ́ ètò náà, àti bóyá a lè san án díẹ̀díẹ̀.

Ìṣòro tí ó kù ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò rí owó ńlá kó jọ ni ó ń ná jù, nítorí ojoojúmọ́ ni ó ń ra epo. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ń yá ènìyàn lówó ayẹyẹ lè yá aránṣọ lówó sólà, kí ó sì máa fi owó epo rẹ̀ san án padà. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ má ṣe gba oníṣòwò láyè láti polówó sólà nínú ìjọ, bí kò bá ní ìwé àdéhùn pé òun yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́.