Aboyún Kì í Jẹun fún Ẹni Méjì

"Jẹun dáadáa, ẹni méjì lò ń jẹun fún." Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń bu ẹ̀bà kún àwo aboyún nílẹ̀ Yorùbá, òun náà ni wọ́n fi ń ra mọ́ọ̀tì àti mílíìkì wá kí i. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Fún obìnrin tó ti sanra kí oyún tó dé, ó léwu púpọ̀.

Aboyún kì í jẹun fún ẹni méjì. NHS, ètò ìlera ìjọba, ń sọ fún àwọn aboyún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń bímọ níbẹ̀, pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò nílò àfikún oúnjẹ kankan. Nǹkan bí 200 kálórì lójúmọ́ ló tó fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn: ẹyin sísè méjì àti ọsàn kan. Ṣé ẹni kejì tó ń jẹ odidi àwo ẹ̀bà nìyẹn? Ìlànà Institute of Medicine ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 ní kí obìnrin tó sanra gan-an fi kìlógíráàmù 5 sí 9 péré kún ìwúwo rẹ̀ títí yóò fi bímọ. Àṣejù máa ń ṣílẹ̀kùn fún ìtọ̀ ṣúgà inú oyún, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ọmọ tó tóbi débi tí ìrọbí á fi le.

Ṣé kó wá febi panú ni? Rárá o. Àsìkò oyún kọ́ ni èèyàn ń wá bí yóò ṣe fọn. Kí ẹ̀bà kéré, kí ẹ̀fọ́ ṣọkọ pọ̀. Kí omi gba ipò ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn tó ní kó jókòó, kó má rìn, kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún tí dókítà kò kà á léèwọ̀ fún máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ márùn-ún ti pé e.

Ta ni yóò wá sọ gbogbo èyí fún aboyún? Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìtọ́jú aboyún, ojú gbogbo ayé ni obìnrin ti ń gorí òṣùwọ̀n. Nọ́ọ̀sì á pariwo iye tó wọ̀n: "Màdáámù, kí lò ń jẹ gan-an?" Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn lè má padà wá mọ́. Ilé àdúrà ló kàn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìwà ìkà ni irú ìdójútì bẹ́ẹ̀. Èébú kò dín ìwúwo ẹnikẹ́ni kù rí. Kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà sẹ́yìn kọ́tìnì, kí wọ́n sọ iye rẹ̀ sí i létí, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó ń sè nílé àti iye tó ń ná lọ́jà. Kí wọ́n sì pe ọkọ rẹ̀ wọlé, nítorí òun náà lè bá a rìn nírọ̀lẹ́.