Ká Tó Ra Alùpùpù, Ìwé Ta Ni A Kọ́kọ́ Wò?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn láàárín wa níbí, a sì fẹ́ kó dé etígbọ̀ọ́ yín.

Àwa mẹ́rin tí a ń gbé ní Faransé ti ń gbèrò láti ọdún méjì sẹ́yìn pé a ó gun alùpùpù láti Paris, a ó la Yúróòpù kọjá, a ó wọ Tọ́kì, a ó sì máa lọ títí dé òkè Pamir ní Tajikistan, níbi tí ọ̀nà M41 ti gùn dé mítà 4,655. Àwọn ará ilé ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé zémidjan tí a sá fún ní Kútọnu la tún fẹ́ lọ gùn nínú yìnyín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú.

Èyí tó dùn wá ni pé ibi tí kò yẹ la ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a bá jókòó, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni: ẹ̀rọ 1,200 cc, àpótí irin, táyà olókè. Àbúrò wa tó kéré jù kó owó tó ti ń fi pamọ́, ó yá díẹ̀ kún un, ó ra ẹ̀rọ ńlá kan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó lọ béèrè vísà. Àwa mẹ́ta yòókù ní páásípọ́ọ̀tù Faransé. Ti Benin ló wà lọ́wọ́ òun. Ilé aṣojú tó kọ́kọ́ lọ kò fún un. Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ tapólì báyìí, gbèsè rẹ̀ sì ń jáde lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa kò dára. A ní kó má bínú, kó dúró, àwa á máa lọ. A ti kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ.

Ẹ wò ó. Páásípọ́ọ̀tù Faransé wọ Kazakhstan àti Uzbekistan fún ọjọ́ 30 láìsí vísà. Ẹni tó mú ti Benin dání ní láti béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, vísà kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e dàrú, yìnyín orí òkè Pamir kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má gbàgbé titre de séjour rẹ̀: bó bá parí sójú ọ̀nà, báwo ni yóò ṣe padà wọlé? Láti ọdún 2020 ni Azerbaijan ti ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ arìnrìn-àjò, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gba Jọ́jíà kọjá síwájú á yà sí Rọ́ṣíà tàbí Iran. Iran ní tirẹ̀ ń béèrè carnet de passages en douane, ìwé tó dà bí páásípọ́ọ̀tù ẹ̀rọ. Wọ́n á lù ú lóǹtẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé, wọ́n á tún lù ú nígbà tí ẹ bá jáde. Iye tí ẹ̀rọ yín tó ni wọ́n fi ń ṣírò caution tí ẹ ó fi sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣẹ́kù sọ́hùn-ún, caution lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ ńlá, caution ńlá.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ ńlá pọn dandan? Ní 1973, obìnrin Faransé kan, Anne-France Dautheville, gun Kawasaki 125 yí ayé ká. Íńdíà, Pakistan, Afghanistan, Iran àti Tọ́kì ló gbà padà sílé. 125! Irú èyí tí àwọn zémidjan wa fi ń gbé àpò àgbàdo. Ní 2004, nígbà tí Ewan McGregor àti Charley Boorman gun BMW láti London dé New York, ẹ̀rọ ẹni tó ń ya fídíò fún wọn bàjẹ́ ní Mongolia. Alùpùpù Rọ́ṣíà olówó pọ́ọ́kú kan ni wọ́n rà fún un níbẹ̀ kó lè máa bá wọn lọ. Ẹ̀rọ tó ju kílò 250 lọ, bó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, ẹni mélòó ni yóò gbé e dìde?

Nítorí náà, èyí ni èrò wa. Ìwé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò lágbára ló yẹ ká fi wọn ọ̀nà. Ká fi Pamir sílẹ̀ ná. Ká gba Gíríìsì wọ Tọ́kì, ká la Bosphorus kọjá sí Éṣíà, ká tọ etí Òkun Dúdú lọ sí Trabzon, ká sì wọ Batumi ní Jọ́jíà. Lẹ́yìn Schengen, ilẹ̀ méjì péré ni. Carte verte, tó dà bí carte brune tiwa ní CEDEAO, bo Tọ́kì. Asuransi ti Jọ́jíà la máa rà lọ́tọ̀. Kò sí carnet níbẹ̀.

Àbúrò wa á ta ẹ̀rọ ńlá yẹn, á san gbèsè, á ra kékeré. Àwa náà á ra kékeré, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dúró de ẹlòmíràn lórí òkè.

Ọ̀kan nínú wa ṣì ń sunkún Pamir. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba vísà Tọ́kì pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù Benin tàbí Tógò, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ mélòó ló gbà yín, ìwé wo ni wọ́n sì béèrè? Ẹ kọ ọ́ síbí fún wa kí oṣù yìí tó parí.