Ilẹ̀ Tí Kò Mú Kọ́bọ̀ Wọlé

Àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì tún ti gbé e dé orí WhatsApp: pulọ́ọ̀tì kan ní Ìbéjú l'Ékòó, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ọdún méjì tó pé, á ti di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn èèyàn wa sì ń sáré. Wọ́n ń yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ń fọwọ́ kan owó iléèwé ọmọ. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ilẹ̀ náà máa mú wọlé lọ́dún, wọn á ní: "Ilẹ̀ kì í bàjẹ́. Ẹ ṣáà gbé e jókòó, owó ló ń bí."

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Bí àgbò Iléyá ni ilẹ̀ ìjókòó rí: bó ti ń dúró, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹun. Owó sọ́fè, owó lọ́yà, owó ìgbẹ́ ṣíṣán. Lọ́jọ́ tí búlọ́ọ̀kù bá sì balẹ̀, ọmọ onílẹ̀ á dé gba owó ìpìlẹ̀. Ní ìparí ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà ní Nàìjíríà ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Ilẹ̀ mílíọ̀nù kan tó di 1,200,000 náírà nírú ọdún bẹ́ẹ̀, àdánù ni. Ẹni tó sì dá iye yẹn lé e gan-an kọ́ ló máa rà á.

Ẹlòmíì fi irú owó ẹ̀yáwó kan náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí èrò ti ń kọjá. Owó ayálégbé ló fi ń san gbèsè. Bí gbèsè ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ń di tirẹ̀. Ẹ̀yin ń fi owó oṣù san ti igbó.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa o! Ká ní ṣọ́ọ̀bù méjì ń mú 600,000 wọlé lọ́dún. Wọ́n ṣófo fún oṣù méjì, 100,000 ti lọ. Páànù tó ń jò àti ṣáláńgá tó kún gba 80,000. Ó ku 420,000. Bí gbèsè bá ń gba 480,000, àpò yín ni 60,000 yòókù ti máa jáde.

Ti ìwé ńkọ́? Rìsíìtì kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Láti ọdún 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Bó bá jẹ́ Èkó, ẹ gbé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé jọ fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà, ẹ fi háyà fún ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tàbí ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́, kó máa san nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rà, ẹ bi ẹ̀jẹ́ǹtì léèrè pé ta ló ń gbébẹ̀ báyìí, èló ni wọ́n sì ń san. Bó bá ní kò tíì sẹ́nì kan, ẹ fowó yín sápò.