Ọ̀rọ̀ Olófòófó Ibi Iṣẹ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn kan ń sọ pé ṣe ni kí a máa lu ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. A kò gbà! Ọjọ́ tí ẹ bá gbá a létí ni ẹ fún ọ̀gá ní ìdí tí ó ń wá láti lé yín láìsí nótíìsì.

Kí ni olófòófó ń tà? Ohun tí a sọ ní kọ̀rọ̀ ni. Bí a bá ń ṣe ìpàdé wa ní gbangba, tí akọ̀wé ẹ̀ka sì ń kọ ohun tí a ń béèrè ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ọjà rẹ̀ yóò kùtà. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ awo: abala 9 Òfin Iṣẹ́ kà á léèwọ̀ kí a lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó ń ṣe ẹgbẹ́.

Bí kúẹ́rì bá dé, ẹ má lọ bẹ̀bẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ mú un tọ aṣojú ẹgbẹ́ lọ, ẹ fèsì lórí ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. (Ẹni tí ó bá lọ sọ pé ẹ̀rọ kan fẹ́ gé ni lọ́wọ́ kì í ṣe olófòófó o!)

Ọ̀gá tí ń fi ófátáìmù ra òfófó ni ẹjọ́ wa pọ̀ sí lọ́dọ̀. Olófòófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Bí wọ́n bá ń dín òṣìṣẹ́ kù, orúkọ tirẹ̀ náà lè wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó dúnàá-dúrà, ẹ béèrè pé kí a máa lẹ orúkọ àwọn tí ófátáìmù kàn mọ́ pátákó, kí gbogbo ènìyàn lè kà á.