Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé irin, ẹ má sá fún ẹ̀fọ́ o

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbàrà tí wọ́n bá ti ń lọ sí jíìmù, ẹran àti ẹyin nìkan ni wọ́n á gbájú mọ́. Wọ́n á ní ẹ̀fọ́ kì í ṣe oúnjẹ alágbára. Irọ́ ni o! Lóòótọ́, ẹni tó wọn 70 kílò, tó ń gbé irin déédéé, nílò purotéènì tó tó gíráàmù 84 lójúmọ́. Bíi 6 péré ló wà nínú ẹyin kan. Ta ló fẹ́ẹ́ máa jẹ ẹyin 14? Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja àti adìyẹ kún un. Àmọ́ tí ò bá sí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewédú níbẹ̀, ẹ lè má rígbẹ́ yà bọ̀rọ̀. Kí ẹ̀fọ́ àti èso kó ìdajì abọ́, kẹ́ ẹ sì mumi dáadáa. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, dókítà ni kó kọ́kọ́ bi.